Ọjọ́ Tí Ọkàn Mi Di Ẹrù

Ẹ sún mọ́ra díẹ̀, ẹ̀yin ará orí bẹ́ǹṣì. Kò sẹ́ni tó tíì jẹun nínú wa, ebi ò sì ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tòògbé. Kí wọ́n tó máa pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan lọ fa ẹ̀jẹ̀ wa, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún yín. Ẹ má wò ó pé télọ̀ ni mí, pé àwa télọ̀ máa ń parọ́. Ọjọ́ tí aṣọ máa jáde nìkan la máa ń parọ́ lé lórí. A kì í parọ́ mọ́ àlá.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó lè gbádùn ẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó gbé mi débí ná. Ẹ̀gbọ́n mi Oyèkànmí, ọmọ ìyá mi, ṣubú lulẹ̀ lóko lọ́dún tó kọjá níbi tó ti ń kọ ebè. Kò ṣàìsàn. Orí ò fọ́ ọ. Ọkàn ẹ̀ ló ṣàdédé dáṣẹ́ sílẹ̀. Látìgbà náà ni ìyàwó mi, Ìyá Gbémi, òun nìyẹn tó ń ṣẹ́jú sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, ti ń pariwo pé kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, pé ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n lè wà nínú ti àbúrò. Mo wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò níbí, Fadérẹ̀ra, ló fa tèmi. Nígbà tí mo padà wá gbọ́ èsì, ó ní àwọn nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, pé irú wọn ló máa ń ṣáájú àrùn ọkàn, ṣùgbọ́n òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní ó jọ pé mo ti jẹun kí n tó wá. Ó ní kí n padà wá láì jẹun.

Inú bí mi! Mo ní, "Ìyáàfin, n ò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ṣé òpùrọ́ lẹ̀ ń pè mí ni?" Mo ní n ò wá mọ́. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Ìyá Gbémi pé ẹ̀jẹ̀ mi kì í ṣe omi kànga tí gbogbo ayé á máa fà. Ó kàn kó àwo kúrò níwájú mi, ó wọ yàrá lọ.

Bó ṣe wà nìyẹn títí di mọ́jú òní tí mo sùn.

Mo rí ara mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo fẹ́ rán bùbá kan fún odò Ọ̀tìn. Odò náà fúnra ẹ̀ ló wá. Ó dúró níwájú mi, ó gbé apá sókè, mo ń fi téèpù wọ̀n ọ́n, omi ń ro sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ní kí n má fún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pa o, pé òun máa ń sanra tí òjò bá dé. Mo ní ìyẹn ò le, n ó fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀, tó bá sanra tán kó gbé e padà wá, n ó tú u. Ó ní òun mọ̀ pé oníṣẹ́ ọwọ́ gidi ni mí.

Bí mo ṣe jókòó láti bẹ̀rẹ̀, maṣíìnì mi wúkọ́. Ó pe orúkọ mi, ó ní, "Àlàgbé, wọ́n ń pè ọ́ ní ọ́fíìsì ẹ̀jẹ̀."

Mo ní, "Ọ́fíìsì ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

Ó ní, "Tìẹ ni, àbí tèmi? Epo ló wà nínú tèmi."

Òótọ́ ló sọ. Mo ní kí odò jókòó dè mí lórí àga àwọn oníbàárà. Ó jókòó, ó fa kàlẹ́ńdà tí àwòrán oríṣiríṣi aṣọ wà nínú ẹ̀, ó ń ṣí i wò. Abẹ́rẹ́ bá gún mi ní àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí tábìlì, kò ju ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan lọ. Ilẹ̀kùn wà lára ẹ̀. Mo bọ́ bàtà sílẹ̀, torí a kì í gbé bàtà wọ ilé onílé, mo tẹríba díẹ̀, mo wọlé.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ̀jẹ̀ tóbi! Tí wọ́n bá fà á sínú ìgò báyìí, a máa rò pé kò tó nǹkan. Odò pupa ni, ó fẹ̀ débi pé n ò rí etí kejì. Àwọn kinní pupa róbótó róbótó ń ṣàn kọjá, wọ́n ru atẹ́gùn sórí bí ẹni ru igbá, kò sí èyí tó dúró wo ẹnì kejì ẹ̀, àmọ́ gbogbo wọn ló kí mi. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, onílé!" Onílé ni wọ́n ń pè mí! Èmi tí mò ń gbé yàrá méjì, tí onílé gidi ń bá fàjọ̀gbọ̀n lóṣooṣù! Mo gbé àyà síwájú, mo ń dá wọn lóhùn, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayálégbé mi."

Ọ́fíìsì náà léfòó sórí odò yẹn. Páànù ni wọ́n fi bò ó, ó ní fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, gbì! odò á sún, ọ́fíìsì á lọ sókè. Gbì! á tún sọ̀ kalẹ̀. Àwọn akọ̀wé fọwọ́ kan di tábìlì mú, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì mu tíì. Èmi náà di férémù ilẹ̀kùn mú. Mi ò tiẹ̀ bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé. Ọ́fíìsì tí kò bá mì kì í ṣe ọ́fíìsì ìjọba.

Ta ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà? Fadérẹ̀ra yìí náà ni! Ó wọ kóòtù funfun ẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi ìgò tín-ín-rín kan pẹja nínú odò náà. Bó bá ti fà á sókè, kinní kékeré kan tí kò tó iyẹ̀pẹ̀ á wà nínú ẹ̀. Á gbé e sókè dé ojú, á wò ó, á pè é lórúkọ. "Ìwọ, ṣebí ṣúgà tinú búrẹ́dì àná ni ọ́. Ìwọ, ọ̀rá inú ẹran díndín. Ìwọ ńkọ́? Áà, ìwọ! Mo ti bá ẹ̀gbọ́n ẹ pàdé lára awakọ̀ kan. Ṣé dáadáa lẹ wà?" Kinní náà á ní, "Dáadáa la wà, mà," á sì rọra dá a padà sómi.

Mo dúró, mo ń wò ó, ẹnu yà mí. Ẹ̀jẹ̀ tí mò ń gbé kiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n ò mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Obìnrin tí a ò bá tan yìí mọ̀ wọ́n tilé tilé! Mo gbàgbé pé mo ti bá a jà. Mo ní, "Ìyáàfin, ẹ mà kàwé o! Orí tó wà lọ́rùn yín yìí, Ọlọ́run ló fọwọ́ ara ẹ̀ mọ ọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, sùúrù pọ̀ nínú ẹ̀ ju orí lọ. Oúnjẹ tẹ́ ẹ bá jẹ kì í parẹ́. Ara á tú u palẹ̀, á yí i sí èyí, á yí i sí tọ̀hún, èyí tó bá ṣẹ́ kù á máa rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Àṣẹ́kù là ń pè wọ́n níbí. Òmíràn ń ṣoore, òmíràn ń fa wàhálà. Ẹni tó bá mọ ojú àṣẹ́kù, ó lè gbọ́ ìró ohun tó ń bọ̀ wá bá ọkàn nígbà tí nǹkan ọ̀hún ṣì wà lọ́nà."

Mo ní, "Kí wá ló ń bọ̀ wá bá tèmi?"

Ó kó ìgò ẹ̀ nílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ẹ wọlé, bàbá. Ọkàn yín ti di ẹrù. Ó ní òun ń lọ."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a gbà wọlé há. Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi rìn. Àwọn bíríkìlà kan, àwọn ọ̀rá ni, wọ́n sanra, wọ́n ń dán, wọ́n wà lórí àkàbà, wọ́n ń rẹ́ ògiri. Wọ́n rẹ́ ẹ nípọn débi pé ògiri ọ̀tún fẹ́ kan ti òsì. Ọ̀gá wọn bọ́ fìlà fún mi. Ó ní, "Ẹ kú ìnáwó, onílé. Ohun èlò ò wọ́n wa rí lọ́dọ̀ yín. Bẹ́ ẹ ṣe ń kó o wá là ń lẹ̀ ẹ́." Mo ní iṣẹ́ wọn mọ́. Ó mọ́ lóòótọ́ o, ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́. Ọwọ́ wọn dán ju ti bíríkìlà tó ń tún ilé wa ṣe lọ. Mo gbóríyìn fún wọn, mo fún ikùn pọ̀, mo kọjá.

Ìgbà náà ni mo rí ọkàn mi.

Kò ju ìkúùkù mi lọ! Ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti rin gbingbin fún òógùn, ó jókòó sídìí maṣíìnì ìránṣọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́: gbì, gbì, gbì. Òun ló ń mú odò sún. Télọ̀ bíi tèmi ni! Ẹrù ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ti fi okùn dì í pinpin, ó sì ti dé fìlà sórí. Gbogbo ara ẹ̀ ló ti ṣe tán láti lọ, àfi ẹsẹ̀ ẹ̀ tí kò tíì dúró.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Àlàgbé. Ó mà pẹ́ kó o tó kí mi."

Ojú tì mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní, "Kí ìyá ẹ tó sọ fún bàbá ẹ pé òun lóyún, mo ti wà lẹ́nu ẹ̀." Mo ní, "O ò sinmi rí?" Ó ní, "Tí mo bá sinmi, ta ni yóò jí ẹ?"

Ẹ̀yin ará, télọ̀ ni mí. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì. Tí ọdún bá ku dẹ̀dẹ̀, tí iṣẹ́ bá wọra, orúnkún á máa ké, n ó dìde, n ó na ẹ̀yìn, n ó bá ẹni tó ń kọjá ṣàwàdà. Ọkàn yìí ò dìde rí! Ọjọ́ tí mo gbéyàwó, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tí ibà fẹ́ pa mí, iṣẹ́ ẹ̀ lọ́po méjì ló ń ṣe. Ọjọ́ tí a sin Oyèkànmí, tí mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé tí n ò lè gbé ọwọ́, òun ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Kò sẹ́ni tó ní, "Ọ̀gá, ẹ mí díẹ̀." Omi bọ́ lójú mi nínú àlá yẹn, n ò purọ́. Mo ti yin ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láyé yìí, n ò mọ̀ pé ọ̀gá wọn wà láyà mi.

Mo ní, "Níbo lò ń lọ?"

Ó ní, "Ibi tí ọkàn ẹ̀gbọ́n ẹ lọ. Òun náà ránṣẹ́ títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ò dákẹ́. Mo fi iṣẹ́ rán àwọn àṣẹ́kù sójú odò, pé kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe mí fún obìnrin yìí. Lónìí ni alága ọ́fíìsì yìí máa gbọ́ wọn. Tí wọ́n bá rí iṣẹ́ mi jẹ́, n ó tú ẹrù. Tí wọn ò bá rí i jẹ́, Àlàgbé, ó dàárọ̀ o."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni alága wọlé. Agbádá ẹ̀ ń gbálẹ̀, dígí ojú ẹ̀ nípọn. Gbogbo wa dìde. Ó ní òun ni Ọ̀gá Àgbà fún Ìṣàn Ẹ̀jẹ̀ àti Àwọn Ọ̀ràn Tó Bá Jọ Ọ́, pé inú òun dùn láti wà láàárín wa. Ó ń kí wa lọ, irùngbọ̀n ẹ̀ ń gùn. Ó dé ibi tó ti ń kí àwọn lọ́balọ́ba, ìwo méjì yọ. Nígbà tó fi máa sọ pé "mo dúpẹ́", ó ti di òbúkọ. A pàtẹ́wọ́ fún un, ó jókòó.

Ẹ̀yin lẹ̀ ń bi mí pé ṣé ẹ̀rù ò bà mí? Ẹ̀rù kí ni? Ṣé ẹ ò dé ọ́fíìsì kankan rí ni? Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, sà." Ó ní, "Mẹ̀ẹ́ẹ́." Akọ̀wé ẹ̀ ní alága ní kí ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ bọ́ síta.

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ wọ ẹ̀wù lórí ẹ̀wù. Ó ní, "Ẹran màlúù ni mí tẹ́lẹ̀. Bàbá yìí jẹ mí níbi ìkómọ kan, ó sì tún bù sí i. Nígbà tí mo dénú ìfun, àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń gbébẹ̀ dì mọ́ mi, wọ́n tú mi títí mo fi di òórùn lásán. Mo fẹ́ lọ síwájú, ẹ̀dọ̀ dá mi dúró. Ó ní ìhòòhò kọ́ ni mo máa fi wọ ìgboro. Ó wọ̀n mí, ó gé aṣọ fún mi, ó rán an, ó fún mi lórúkọ tuntun. Bí mo ṣe di ẹni tí ẹ̀ ń wò yìí nìyẹn. Tí mo bá dá wà, n kì í da ẹnikẹ́ni láàmú. Tí àwa ẹbí bá pọ̀ níbì kan, wọ́n ní ará ibẹ̀ kì í gbádùn."

Mo fò dìde, mo pàtẹ́wọ́. Ẹ̀dọ̀! Ẹ̀dọ̀ tí à ń bù sínú ọbẹ̀ láìkí i, télọ̀ ni òun náà! Inú ara mi lẹgbẹ́ wa ti pọ̀ tó báyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò sì pè mí sípàdé!

Ẹlẹ́rìí kejì jẹ́ màmá kan tó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Àṣẹ́kù ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni. Ó ní òun àtàwọn ọmọ òun ló ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó má baà há, ṣùgbọ́n bàbá kì í pè wọ́n wá, àfi tí Ìyá Gbémi bá fipá ránṣẹ́ sí wọn. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí alága na ọrùn, tó jẹ ìgbálẹ̀ ẹ̀. Ó jẹ kọ́tìnì lé e. Akọ̀wé ní alága ti gbé ẹ̀rí náà yẹ̀ wò fínnífínní. Màmá náà dúpẹ́, ó lọ jókòó.

Ẹlẹ́rìí kẹta ló wà lẹ́yìn, kinní kékeré kan báyìí, ojú ẹ̀ mọ́. Bí Fadérẹ̀ra ti rí i, ó dìde. Ó ní, "Ìwọ ni mò ń wá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá!" Ọkàn mi na ọrùn láti ìdí maṣíìnì. Ó ní, "Òun ni mo fọ̀rọ̀ gidi sí lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀." Kinní náà kí alága, ó kí mi, ó la ẹnu.

Pàù!

Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Pàù! Pàù! Pàù! Gúgúrú ló wọlé! Wọ́n pọ̀ bí èṣú, wọ́n funfun báláú, wọ́n ń fò, wọ́n ń ta. Ẹ̀pà sísun tẹ̀ lé wọn, wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù pupa ara wọn jù nù, wọ́n ń yí gbirigbiri lábẹ́ tábìlì. "Àlejò ni wá! Bàbá télọ̀ ló pè wá! Níbo la ó jókòó sí?" Ẹlẹ́rìí kékeré yẹn ń sọ̀rọ̀, ètè ẹ̀ ń mì, n ò gbọ́ nǹkan kan. Fadérẹ̀ra gbé etí sún mọ́ ọn, kò gbọ́.

Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá, láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ wá, ẹ jẹun?"

Mo ní, "N ò jẹun."

"Gúgúrú wá ńkọ́?"

"Gúgúrú? Ṣé gúgúrú wá loúnjẹ ni?" Ara mi gbóná. Mo yíjú sí gbogbo ilé. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi dá sí i. Kí làwọn baba wa sọ? Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú! Mo jí, wọ́n ní n má jẹun, n ò fọwọ́ kan iyán, n ò wo ọkà lójú, n ò bá ẹ̀kọ sọ̀rọ̀. Mo kàn bu gúgúrú sápò àti ẹ̀pà díẹ̀, kẹ́nu má baà dilẹ̀ lọ́nà. Kí ni mo jẹ?"

Gbogbo ọ́fíìsì ní, "Òótọ́ ló sọ!" Àwọn akọ̀wé ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn bíríkìlà yọjú láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kò jẹun. Alága ní "mẹ̀ẹ́ẹ́", akọ̀wé ní alága ti dá mi láre. Ẹ̀yin náà ẹ̀ ń mirí níbí yìí, mo ń wò yín. Màmá oníbòrùn ewéko yìí, kí lẹ fi sẹ́ẹ̀kẹ́ yẹn? Obì? Ẹ tu ú dànù kíá!

Fadérẹ̀ra nìkan ni kò mirí. Kò bínú o. Ó fọwọ́ lé mi léjìká bí ọmọ ṣe ń ṣe fún baba ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, àwọn baba wa ò parọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni kò gbọ́ òwe. Ohunkóhun tó bá ti kọjá ọ̀nà ọ̀fun, àlejò ló jẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀jẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Àlejò lariwo tí mo gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. N ò gbọ́ ohùn ọkàn yín níbẹ̀."

Mo wo ọkàn mi. Ó wo gúgúrú tó ń ta káàkiri, ó wo ońṣẹ́ ẹ̀ kékeré tó ń la ẹnu lásán, ó mí kanlẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ò gbọ́ irú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn rí. Odò dúró sójú kan. Gúgúrú panu mọ́. Àwọn róbótó pupa dúró pẹ̀lú igbá atẹ́gùn lórí, wọ́n ń wò mí láti ojú fèrèsé. "Onílé, kí la ó ṣe báyìí?" Ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í rì, ó ti apá ọ̀dọ̀ alága bẹ̀rẹ̀, torí òun ló wúwo jù. Omi pupa kan kókósẹ̀ mi, ó kan orúnkún. Ó tutù.

Mo bẹ́ sídìí maṣíìnì náà. Mo ní ṣebí iṣẹ́ mi nìyí. Mo tẹ̀ ẹ́. Gbì. Ọ́fíìsì gbéra díẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Gbì. N ò rí òmíràn tẹ̀ dáadáa kí èémí tó tán nínú mi. Ọkàn mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbẹ́rù rù, ó ń wò mí. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó kàn ní, "Ó le díẹ̀, àbí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú omi yẹn. Èmi tí n kì í dọ̀bálẹ̀ fún oníbàárà, bó ti wù kí aṣọ ẹ̀ dán tó! Mo ní, "Ọ̀gá mi, má lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Ọjọ́ tí Oyèkànmí ti ṣubú lẹ̀rù ti ń bà mí, ariwo ni mo fi ń bò ó. Ta ni mo fẹ́ fi Ìyá Gbémi sílẹ̀ fún? Ta ni yóò máa bá jà? Kí lo fẹ́? Ṣé kí n dín ẹran kù? Ṣé kí n máa rìn láràárọ̀ dípò kí n jókòó sójú kan? Sọ ọ́, n ó ṣe é."

Ó sọ ẹrù ẹ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wa fi ṣe mẹ́rin. Ó ní, "Gbogbo ìyẹn á tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, Àlàgbé, ṣé ẹnì kan tiẹ̀ ń gbọ́ mi?"

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn. Ohun wúwo kan já lù mí láyà. Mo rò pé òrùlé ọ́fíìsì ni. Mo lajú.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Orí Ìyá Gbémi ló wà láyà mi. Ó ti ká aṣọ ìbora kúrò, ó gbé etí lé mi láyà, ó di èjìká mi mú, ó dijú.

Mo ní, "Ìyá Gbémi, kí lò ń ṣe?"

Ó ní, "Má sọ̀rọ̀ ná. O ò jẹ́ kí n gbọ́."

Mo dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ mi bọ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ mọ̀ pé dídákẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ mi. Nígbà tó yá, ó ní láti ìgbà tí a ti sin Oyèkànmí lòun ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ kí n tó jí. Ó ní tóun ò bá tíì gbọ́ ọ, òun ò lè dìde lọ dáná.

Ẹ má wò ó báyẹn, ẹ ó jẹ́ kó máa sunkún. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní, "Kí ló wá ń sọ fún ẹ?"

Ó ní, "Kò sọ nǹkan kan. Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ ni."